Rélùwéè Orí Tábìlì: Páálí, Irin Agboòrùn àti Ìtàn Ojú Irin Èkó sí Ìbàdàn

Ọ̀rọ̀ páálí ni mo gbé wá lónìí, àmọ́ ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ eré lásán ni.

Ní sáà tó kọjá, àwa tí à ń kọ́ ìmọ̀ ìtàn pinnu láti ṣe àfihàn kan. Òfin kan ṣoṣo la fi lélẹ̀: ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ dúró kó máa ka ìwé sí wa létí. Ohun tí èèyàn lè fojú rí, tó sì lè fọwọ́ kàn, ni kí kálukú gbé wá. Ẹnì kan ní òun yóò re aṣọ láró, ẹnì kan ní òun yóò gbé ìlù wá. Èmi kàn la ẹnu mi ni, mo ní n óò kọ́ ojú irin Èkó sí Ìbàdàn. Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n mo ní ìdí tí mo fi sọ bẹ́ẹ̀. Bàbá tó bí bàbá mi fi ọgbọ̀n ọdún ṣiṣẹ́ lórí ojú irin. Kí n tó dáyé ni wọ́n ti fẹ̀yìn tì, síbẹ̀ kò sí ọjọ́ tí a ò ní gbọ́ orúkọ tésàn kan lẹ́nu wọn nílé.

Owó ni kò sí. Ọkọ̀ ojú irin kékeré tí wọ́n ń tà lókè òkun, iye tí ẹyọ kan ṣoṣo ń lọ lè jẹ gbogbo owó oúnjẹ mi tán fún sáà kan. Mo bá ní ohun tí ilé fẹ́ dà nù ni n óò fi ṣe é. Fún oṣù méjì, n kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ju nǹkan sórí ààtàn nílé wa. Páálí ńlá tí wọ́n kó núdù wá, páálí ẹyin, agolo mílíìkì, agboòrùn tó ti ṣẹ́, bọ́tìnnì ara ẹ̀wù tó ti gbó, máákà tí ọ̀dà rẹ̀ ti tán, ọ̀rá omi mímu, igi ìṣáná tí wọ́n ti ṣá: gbogbo rẹ̀ ni mo kó jọ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ìyá mi bi mí bóyá iṣẹ́ akólẹ̀kódọ̀tí ni mo lọ kọ́ ní yunifásítì.

Àwọn tó ti ṣe é ṣáájú wa

Mo kọ́kọ́ lọ wo bí àwọn ẹlòmíràn ṣe ń ṣe é. Lọ́dún 1891, ilé iṣẹ́ Märklin ti ilẹ̀ Jámánì gbé ọkọ̀ ojú irin kékeré lọ sí ọjà ńlá ìlú Leipzig. Ohun tó jẹ́ tuntun nínú tiwọn ni pé wọ́n fi ìwọ̀n kan pàtó lélẹ̀ fún ojú irin náà. Ẹni tó bá ra díẹ̀ lónìí lè tún ra díẹ̀ mọ́ ọn lọ́dún tó ń bọ̀, kí méjèèjì sì bára mu. Lọ́dún 1920, Frank Hornby ti ìlú Liverpool, ẹni tó ṣe Meccano, bẹ̀rẹ̀ sí í ta tirẹ̀ náà. Ilé tí owó wà ni irú ohun ìṣeré bẹ́ẹ̀ ń wọ̀.

Nígbà tí Ogun Àgbáyé Kejì dé, irin di ohun èlò ogun, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì sì fòfin de fífi irin ṣe ohun ìṣeré. Àwọn tí ọkàn wọn ti wà nínú rẹ̀ kò tìtorí ìyẹn ṣíwọ́. Wọ́n padà sórí bébà, páálí àti igi. Méjì nínú àwọn onípáálí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni mo fẹ́ kí ẹ mọ̀.

Ẹni àkọ́kọ́ ni John Ahern. Ó dá àfonífojì kan sílẹ̀ láti inú ọkàn ara rẹ̀, ó sọ ojú irin ibẹ̀ ní Madder Valley Railway. Páálí ló fi ṣe ọ̀pọ̀ ilé tó wà níbẹ̀. Ṣáájú rẹ̀, ọkọ̀ nìkan ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń tẹjú mọ́. Ahern kọ́ ìlú yí ọkọ̀ náà ká: ilé ọtí, ṣọ́ọ̀bù, èbúté. Ó jẹ́ kí ó hàn pé ojú irin tí kò gba ìlú kankan kọjá kò ní ìdí tó fi wà.

Ẹnì kejì ni Roye England. Ilẹ̀ Ọsirélíà ló ti wá lọ́dún 1925. Nígbà tó dé àwọn abúlé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó rí i pé wọ́n ń wó àwọn ilé àtijọ́, wọ́n sì ń ṣí koríko orí wọn kúrò. Kò lágbára láti dá ẹnikẹ́ni lẹ́kun. Ohun tó ṣe ni pé ó bẹ̀rẹ̀ sí í wọn àwọn ilé náà, ó ń kọ bí wọ́n ṣe rí sílẹ̀, ó sì ń fi páálí àti ọ̀dà omi ṣe wọn ní kékeré. Lọ́dún 1954, iṣẹ́ rẹ̀ di ilé ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyé-sí tó ń jẹ́ Pendon. Ibẹ̀ náà ni àfonífojì Ahern wà títí di òní.

Ọ̀rọ̀ England yìí ló gún mi lọ́kàn jù. Ẹ rántí Ilé Ìlọ́jọ̀ ní Èkó, ilé tí àwọn ará wa tó ti Brazil dé kọ́ ní nǹkan bí ọdún 1855. Ìjọba ti kéde rẹ̀ pé ohun àjogúnbá orílẹ̀-èdè ni, síbẹ̀ wọ́n wó o lulẹ̀ ní Oṣù Kẹsàn-án ọdún 2016. Kíkéde nìkan kò dá katakata dúró. Ẹni tó bá ti wọn ilé kan, tó mọ iye fèrèsé rẹ̀, ti gba nǹkan sílẹ̀ nínú rẹ̀ kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Kí n má sì puró, kì í ṣe ọ̀dọ̀ àwọn òyìnbó la ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń sọ ohun ààtàn di ọkọ̀. Èwo nínú wa ni kò fi agolo sàdín-ìn ṣe mọ́tò rí? A ó dá ihò sí i lára, a ó fi ìdérí ìgò ṣe táyà, a ó so okùn mọ́ ọn nímú, a ó máa fà á kiri àdúgbò. Bí a bá so agolo mẹ́ta pọ̀, ó ti di rélùwéè nìyẹn, ẹnu wa náà ni fèrè rẹ̀.

Ìwọ̀n: ibi tí ìtàn ti bẹ̀rẹ̀ sí í bi mí ní ìbéèrè

Ohun àkọ́kọ́ tí ẹni tó ń ṣe àwòṣe gbọ́dọ̀ mọ̀ ni ìwọ̀n. Mo mú 1 nínú 50: ohun tó bá gùn ní mítà 50 lójú ayé yóò di mítà 1 lórí tábìlì mi. Kí n tó lè lẹ irin méjì mọ́lẹ̀, mo ní láti mọ bí irin ojúlówó ṣe jìnnà síra tó. Ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta àti ínṣì mẹ́fà ni, ìyẹn mìlímítà 1067. Lórí tábìlì mi, ó di nǹkan bíi mìlímítà 21.

Kí ló dé tí wọ́n fi mú 1067, nígbà tó jẹ́ pé 1435 ni ọ̀pọ̀ ojú irin nílùú Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀? Owó ni. Ojú irin tóóró kò gba ilẹ̀ púpọ̀, ó rọrùn láti yí ẹ̀gbẹ́ òkè po, òkìtì iyẹ̀pẹ̀ àti afárá rẹ̀ kò sì ní láti tóbi. Ìjọba amúnisìn fẹ́ kó ẹrù jáde, kò sì fẹ́ náwó ju bó ti yẹ lọ. Mo ti ka ọ̀rọ̀ yìí nínú ìwé rí, àmọ́ ìgbà tí ọkọ̀ mi já bọ́ láti igun tábìlì ni mo tó mọ ohun tó túmọ̀ sí. Mo ti tẹ irin kọjá bó ṣe yẹ. Bí mo ṣe dín bí igun náà ṣe ká kù, ọkọ̀ náà gbà á kọjá.

Ìbéèrè kejì ni ti gígùn. Láti Èkó dé Ìbàdàn lórí ojú irin àtijọ́ jẹ́ nǹkan bíi kìlómítà 193. Ní ìwọ̀n tí mo mú, n óò nílò tábìlì tó gùn tó nǹkan bíi kìlómítà 3.9. Mítà 3 péré ni tábìlì mi, ìyẹn mítà 150 lójú ayé, kò tó láti ti ẹnu ọ̀nà tésàn kan dé ẹ̀yìn rẹ̀. Mo ní láti yàn. Mo yan ibi mẹ́ta: Ìddó níbi tí ọ̀nà ti bẹ̀rẹ̀, odò Ògùn àti àwọn òkè Olókèméjì láàárín, Dùgbẹ̀ ní òpin. Gbogbo ibi yòókù, Àgége, Ifọ̀, Láfẹ́ńwá, Ọmí-Àdìó, ni mo fò. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn nítorí n óò padà sórí rẹ̀: ẹni tó bá ń kọ ìtàn yóò fo ibì kan dandan, ìbéèrè tó wà nílẹ̀ ni pé ibo ló fò àti nítorí kí ni.

Bí mo ṣe kọ́ ọ

N óò sọ bí mo ṣe ṣe é fún ẹni tó bá fẹ́ dán an wò.

Irin: egungun agboòrùn ni. Agboòrùn kan ní egungun mẹ́jọ, ọ̀kọ̀ọ̀kan gùn tó ìdajì mítà. Ojú irin mítà 3 gba egungun méjìlá, nítorí náà agboòrùn méjì tó fún mi, ó sì ṣẹ́ ku mẹ́rin tí mo fi ṣe ọ̀nà ẹ̀gbẹ́. Igi tí wọ́n ń tẹ́ sábẹ́ irin: pẹlẹbẹ igi áísìkíìmù ni mo gé sí kéékèèké. Mo fọ́ èédú wẹ́wẹ́, mo dà á sáàárín wọn bí òkúta.

Ọkọ̀: máákà tó ti tán tí mo ṣà ní kíláàsì ni ikùn ẹ́ńjìnnì. Ìdérí ìgò ọ̀rá ni ẹsẹ̀ rẹ̀ ńlá. Ti àwọn kẹ̀kẹ́ kéékèèké ni mo fi bọ́tìnnì ṣe: mo lẹ bọ́tìnnì ńlá mọ́ kékeré, kékeré ń yí lórí irin, etí ńlá ń jẹ́ kí ó má yà kúrò lójú ọ̀nà. Mọ́tò inú ẹ̀rọ DVD tó ti bàjẹ́ àti bátìrì fóònù àtijọ́ ló ń wà á, rọ́bà tí wọ́n fi ń di owó ló sì so mọ́tò mọ́ ẹsẹ̀ ọkọ̀. Agolo mílíìkì tí mo gbé sórí igi mẹ́rin ni táńkì omi tésàn, nítorí ẹ́ńjìnnì àtijọ́ a máa mu omi bí ẹṣin.

Òkè: mo rẹ páálí ẹyin sínú omi títí ó fi rọ̀ bí àkàsù, mo wá fi ògì pò ó kí ó lè lẹ̀. Àṣìṣe ni èyí. Nígbà tí mo jí ní ọjọ́ kẹta, eku ti jẹ òkè kan tán ní Olókèméjì. Olókè-kan ló kù! Gọ́ọ̀mù àwọn káfíńtà tí mo fi omi là ni mo fi tún un ṣe, eku kò sì padà wá. Odò Ògùn ni ọ̀rá omi mímu tí mo fọ̀ tí mo sì tẹ́ lé ara wọn lórí amọ̀.

Òrùlé Ìbàdàn ló dùn mọ́ mi jù. Bí ẹ bá fi omi ra ojú páálí, ẹ lè ṣí awẹ́ kan kúrò. Èyí tó kù nísàlẹ̀ a máa rí wíwúlé-wíwúlé gẹ́lẹ́ bíi páànù. Mo fi amọ̀ pupa tí mo pò mọ́ omi àti gọ́ọ̀mù kùn ún. Nígbà tó gbẹ, bàbá àgbà mi tẹjú mọ́ ọn, wọ́n ní: "Páànù wa nìyí. Ó ti dógùn-ún."

Ohun tí ọ̀nà náà kó lọ àti ohun tó kó dé

Ọdún 1896 ni iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ láti Ìddó. Kì í ṣe ilẹ̀ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ni gbogbo ibi tí ojú irin fẹ́ gbà kọjá. Ẹ̀gbá ń ṣèjọba ara rẹ̀, Ìbàdàn náà ní àwọn olóyè rẹ̀, àdéhùn sì ni wọ́n fi gba ilẹ̀ náà lọ́dún 1899. Ní Oṣù Kẹta ọdún 1901 ni wọ́n ṣí ọ̀nà náà dé Ìbàdàn. Ọdún yẹn kan náà ni afárá Carter so erékùṣù Èkó pọ̀ mọ́ Ìddó, kí ẹrù tó bá sọ̀ lè ráyè dé ẹ̀bá omi. Òṣogbo rí tirẹ̀ lọ́dún 1907, Ìlọrin lọ́dún 1908, Jẹ́bà lọ́dún 1909. Nígbà tó fi di 1912, ojú irin Èkó àti ti Òkè Ọya ti di ọ̀kan.

Nígbà tí mo ń gbé Dùgbẹ̀ kalẹ̀ lórí tábìlì, mo rí i pé tésàn náà kò sí láàárín ìlú. Ọjà Ọba wà lọ́hùn-ún, òkè Mápó wà lọ́hùn-ún, rélùwéè jókòó sí apá ìwọ̀-oòrùn níta. Àmọ́ ìlú ló gbéra lọ bá rélùwéè. Àwọn ilé iṣẹ́ òyìnbó kọ́ ṣọ́ọ̀bù yí i ká, Gbági di ibi ìṣòwò, owó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí kúrò lẹ́bàá ààfin àti ilé olóyè lọ sí ẹ̀bá irin. Èkùrọ́ àti kòkó ń sọ̀ lọ sí Èkó, aṣọ, iyọ̀ àti páànù ń gòkè bọ̀. Páànù tí mo fi páálí ṣe yẹn, rélùwéè ló ń kó o wá fún àwọn bàbá ńlá wa tí wọ́n fi ṣí koríko àti ewé kúrò lórí ilé wọn.

Àgége tí mo fò lórí tábìlì náà kò kéré. Àwọn ará Èkó tó ṣí oko síbẹ̀ gbin kòkó àti obì gbàǹja, ojú irin sì gbé obì náà lọ bá àwọn Hausa ní Òkè Ọya.

"Ta ló ń gbé níbẹ̀?"

Ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú àfihàn, mo ní kí bàbá àgbà wá wo iṣẹ́ tó ti parí. Wọ́n jókòó, wọ́n yọ ojú wọn kékeré sójú. Mo tan mọ́tò, ọkọ̀ rìn láti Ìddó dé Dùgbẹ̀. Mo ń retí kí wọ́n yìn mí. Wọ́n ní:

"Ó dáa. Àmọ́ kò dún."

Mo ní mọ́tò rẹ̀ kéré ni, kò lè dún. Wọ́n mi orí. Wọ́n ní kì í ṣe mọ́tò, irin ni. Mo ti fi ẹnu irin kan ko ti èkejì pinpin. Wọ́n ní nínú ọ̀sán gangan, irin a máa gùn sí i. Bí kò bá sí àlàfo láàárín wọn, wọn yóò tira wọn títí wọn yóò fi wọ́, ọkọ̀ yóò sì ṣubú. Àlàfo yẹn gan-an ni ẹsẹ̀ ọkọ̀ ń gbà tó fi ń ké fakafìkì, fakafìkì. Ohun tí gbogbo wa fi ń ṣeré ní kékeré, àlàfo tí irin fi ń mí ni. Mo gé e ní mìlímítà kan, kan. Ọkọ̀ náà bẹ̀rẹ̀ sí í dún.

Wọ́n tún wò ó. Wọ́n ní: "Ta ló ń gbé níbẹ̀?"

Mo wo tábìlì mi. Tésàn wà, táńkì omi wà, òkè wà, odò wà. Kò sí ẹ̀dá alààyè kan ṣoṣo. Èmi tí mo ti ń sọ̀rọ̀ Ahern kiri, mo ṣe ìlú láìfi èèyàn sí i.

Bàbá wá bẹ̀rẹ̀ sí í kà wọ́n. Àwọn gáǹgì tó ń fẹsẹ̀ rìn láàárọ̀ láti wo irin bóyá ìdè rẹ̀ ti tú. Ẹni tó ń yí irin kí ọkọ̀ lè yà. Ọ̀gá tésàn tó ń na òrùka tókìnnì sí awakọ̀, nítorí pé ojú ọ̀nà kan ṣoṣo ló wà, ẹni tí kò bá sì mú tókìnnì lọ́wọ́ kò gbọ́dọ̀ wọ ọ̀nà, kí ọkọ̀ méjì má baà pàdé. Àwọn aláàárù. Àwọn obìnrin tó ń sáré tẹ̀ lé fèrèsé pẹ̀lú ẹ̀kọ, ẹyin àti búrẹ́dì. Búrẹ́dì fúnra rẹ̀ ní ọwọ́ rélùwéè nínú: Amos Shackleford, ará Jamaica tó sọ búrẹ́dì di òwò ńlá ní Èkó, iṣẹ́ rélùwéè ló gbé e wá sí Nàìjíríà lọ́dún 1913.

Lálẹ́ ọjọ́ náà, mo padà sídìí ìwé. Àwọn wo ló gbẹ́ ilẹ̀ yìí? Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ Yorùbá ni, láti Ẹ̀gbá, Ìbàdàn, Ìjẹ̀bú àti àwọn ìlú mìíràn, tó fi jígà àti ṣọ́bìrì la igbó. Orúkọ gómìnà àti onímọ̀ ẹ̀rọ wà nínú ìwé. Tiwọn kò sí. Mo mú ìgbá ìṣáná tí wọ́n ti ṣá, tí orí wọn ti dúdú, mo sì tò wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ irin: 193, ẹyọ kan fún kìlómítà kọ̀ọ̀kan. Iṣẹ́ alẹ́ méjì ni, ìka mi sì wú.

Ẹjọ́ tí wọ́n bá mi rò

Lọ́jọ́ àfihàn, ọ̀rẹ́ mi kan tó máa ń bá gbogbo èèyàn jiyàn dúró síwájú tábìlì náà. Ó ní: "Ìwọ yìí, o wá ń yin àwọn amúnisìn. Irin tí wọ́n fi kó ẹrù wa lọ lo sọ di ẹwà."

Mi ò lè sọ pé irọ́ ló pa. Ojú irin náà, ti ẹrù ni wọ́n kọ́ ọ fún, ọ̀nà ọmọ ogun sì tún ni. Ṣùgbọ́n mo fa ọwọ́ rẹ̀ lọ sí ọ̀nà ẹ̀gbẹ́, níbi tí mo ti fi egungun agboòrùn mẹ́rin tó ṣẹ́ ku ṣe nǹkan kan. Irin ibẹ̀ ti tú, ó wọ́, wáyà tẹlígíráàfù sì já sílẹ̀. Ogun Adùbí nìyẹn. Lọ́dún 1918, ọdún mẹ́rin lẹ́yìn tí Ẹ̀gbá pàdánù òmìnira rẹ̀, wọ́n gbé owó orí ka àwọn èèyàn lórí lẹ́yìn iṣẹ́ àfipáṣe. Àwọn ará oko Ẹ̀gbá dìde, wọ́n sì tú irin kúrò nílẹ̀. Wọ́n mọ ibi tí agbára ìjọba ń gbà kọjá, ibẹ̀ ni wọ́n sì dì mú.

Lẹ́yìn náà mo fi Ìddó hàn án. Àwọn ìṣáná ibẹ̀ kò sí lẹ́nu iṣẹ́, wọ́n dúró jọ. Ní Oṣù Kẹfà ọdún 1945, nígbà tí ogun ti sọ oúnjẹ di ọ̀wọ́n tí owó oṣù kò sì kúrò lójú kan, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba kárí orílẹ̀-èdè daṣẹ́ sílẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ rélùwéè àti Michael Imoudu, olórí wọn, ló wà níwájú. Kí àwọn olóṣèlú tó mọ bí wọ́n ṣe ń so Èkó pọ̀ mọ́ Kánò, àwọn tó ń wa ọkọ̀ láàárín ìlú méjèèjì ti mọ̀ ọ́n.

Ọ̀rẹ́ mi kò sọ̀rọ̀ mọ́. Nígbà tó yá ó ní: "Ó yẹ kí o kọ ọ́ síbẹ̀." Òótọ́ ni. Ẹni tó bá rí irin tó wọ́ láìsí àlàyé lè rò pé eku ló tún wá. Mo gé páálí kékeré, mo kọ "1918" sí ọ̀kan, mo kọ "1945" sí èkejì.

Ohun tó kù

Ní ọjọ́ 10 Oṣù Kẹfà ọdún 2021, wọ́n ṣí ojú irin tuntun láti Èkó dé Ìbàdàn. Kìlómítà 157 ni, mìlímítà 1435 sì ni ìbú rẹ̀. Lórí tábìlì mi, ìyẹn yóò jẹ́ nǹkan bíi mìlímítà 29. Mo gbé ọkọ̀ mi sórí irin tí mo tò ní ìwọ̀n náà, ó já sáàárín. Ojú irin méjèèjì lè wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ọkọ̀ èyí kò lè rìn lórí tọ̀hún. Inú mi dùn sí tuntun, mo ti wọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Àmọ́ tésàn rẹ̀ ní Ìbàdàn, Mọ́níyà ló wà. Ìlú tún lè bẹ̀rẹ̀ sí í gbéra lọ bá a bó ṣe lọ bá Dùgbẹ̀, kí Dùgbẹ̀ àtijọ́ sì di ibi tí ẹnikẹ́ni kò wò mọ́.

Kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ló ti bàjẹ́. Ní ọgbà rélùwéè ní Èbúté Mẹ́ta, ilé kan wà tí wọ́n kọ́ lọ́dún 1898, tó ń jẹ́ Jaekel House. Ẹgbẹ́ Legacy 1995 tún un ṣe, wọ́n sì kó àwòrán àti ohun èlò rélùwéè sínú rẹ̀. Bí ẹ bá ní ọjọ́ kan ní Èkó, ẹ yà síbẹ̀.

Ní tiwa, a lè ṣe díẹ̀. Ilé wo ló wà ládùúgbò yín tó ti dàgbà ju òbí yín àgbà lọ? Ẹ mú okùn àti rúlà lọ. Ẹ ka fèrèsé rẹ̀. Ẹ béèrè lọ́wọ́ àgbà tó ń gbé níbẹ̀ pé ta ló ń gbé níbẹ̀ rí, kí ẹ sì kọ orúkọ wọn sílẹ̀ kí ẹ tó kọ ìbú ògiri. Lẹ́yìn náà, ẹ wá páálí.

Tábìlì mi ti padà sílé, inú yàrá bàbá àgbà ló wà. Nígbà mìíràn mo máa ń gbọ́ fakafìkì láàárọ̀ kùtù, n óò sì mọ̀ pé wọ́n ti jí. Wọ́n ti ní kí n má dúró ní Ìbàdàn, pé ọdún 1907 ni ọ̀nà dé Òṣogbo, kí ni mo ń dúró dè? Nítorí náà, ẹnikẹ́ni nínú yín tí òjò àti afẹ́fẹ́ bá ba agboòrùn rẹ̀ jẹ́ lọ́dún yìí, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má jù ú nù. Ẹ bá mi fi pamọ́.